Wọ́n Ní Ghattas Mutí Yó

Fadá Mitri, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé kí n rẹ ohùn sílẹ̀. Ilé ìyá mi la wà, inú ilé ìyá mi ni mo ti ń pariwo, ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ ládùúgbò yìí kó ti fèrèsé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, mo fi ìgò fọ́ ọmọkùnrin yẹn lẹ́nu. Mi ò sẹ́. Eyín iwájú méjì lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ètè òkè sì ya dé abẹ́ imú. Mo mọ̀ ọ́n kà nítorí ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń bá dókítà eyín ṣiṣẹ́ ní Beirut, mo ti ka eyín ẹlòmíràn títí kí n tó wá ka èyí tí èmi fúnra mi yọ. Bí wọ́n bá sì tún gbé e wá síwájú mi lónìí, tó tún sọ ohun tó sọ lọ́jọ́ náà, ìyókù á tẹ̀ lé e.

Ẹ jókòó, Fadá. Ẹ má wo ọwọ́ mi, egungun ló kán, wọ́n ti dì í, á jinná. Kì í ṣe nítorí ọwọ́ lẹ ṣe wá. Ẹ ní Naoum ló rán yín, ẹ ní ẹ fẹ́ gbọ́ bó ṣe jẹ́ gan-an láti ẹnu èmi Hiyam tí ẹ̀yin fúnra yín sàmì fún. Ó dáa. Ẹ ó gbọ́ ọ.

Ṣé ẹ ṣì rántí Ghattas? Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kan ṣoṣo. Ìkórè àjàrà ọdún yìí ló pé ọdún méjìlá. Ẹ̀yin lẹ sin ín. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n sọ fún wa nígbà náà: ó mutí yó, ó já sínú táǹkì wáìnì, ó kú síbẹ̀. Naoum ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ ló sọ bẹ́ẹ̀, Naoum tó ni ọgbà àjàrà, tó ni ilé ìfúntí, tó ni ọ̀nà tó lọ síbẹ̀, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ni ọlọ́pàá tó wá kọ ọ́ sílẹ̀. Wọn ò jẹ́ ká wọlé. Èmi àti ìyá mi dúró lẹ́nu géètì láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, a ń fi ọwọ́ gbá irin, nígbà tó yá, tapólì tí wọ́n fi ń bo àjàrà ni wọ́n fi wé e, wọ́n gbé e jáde sí wa bí ẹni gbé pàǹtí. Òórùn ọtí bò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ìyá mi gbọ́ òórùn náà, ó sì gba ohun tí wọ́n sọ gbọ́.

Ghattas, Fadá. Ghattas tí kì í mutí. Ọtí araki ló pa bàbá wa, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, orí ibojì bàbá wa ni Ghattas ti búra pé ọtí ò ní gba ọ̀fun òun kọjá láé. Nígbà tí iṣẹ́ bá ní kó tọ́ wáìnì wò, á tọ́ ọ, á tu ú dànù, á fi omi yọ ẹnu. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá mi lọ́jọ́ náà. Mo ní Màmá, irọ́ ni wọ́n pa. Ó ní, "Hiyam, òórùn kì í purọ́." Láti ọjọ́ náà títí di àná, kò gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ ògiri. Inú àpótí ló fi í sí, lábẹ́ aṣọ òtútù, ojú ń tì í nítorí ọmọ tó bí.

Ẹ ń béèrè ohun tí mo wá lọ ṣe nílé ìfúntí Naoum. Mo mọ̀ pé ẹ ó béèrè.

Dókítà tí mo ń bá ṣiṣẹ́, Dókítà Lamia, èèyàn rere ni. Ó pé ogún ọdún tó ti ṣí ilé ìwòsàn eyín rẹ̀, ó ní òun fẹ́ ṣe gbogbo wa lálejò, àwa márùn-ún. Ó ti bá wọn sọ ọ́, àbẹ̀wò àwọn ẹni ńlá, àwa nìkan, kò ní sí àlejò mìíràn: wọn ó mú wa yí ọgbà ká, wọn ó mú wa wọ yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń kó ọtí sí, a ó tọ́ oríṣi wáìnì mẹ́fà wò, lẹ́yìn náà a ó jẹun lábẹ́ igi. Kò mọ nǹkan kan nípa Ghattas, mi ò sọ ọ́ fún un rí. Ìgbà tó dárúkọ ibẹ̀, mo gbé abọ́ irinṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀. Mo lè ní inú ń run mí. Ọgọ́rùn-ún irọ́ ni mo lè pa tí mi ò fi ní lọ.

Ṣùgbọ́n mi ò rí ibẹ̀ rí. Ṣé ìyẹn yé yín? Ọdún méjìlá ni mo fi ń lá àlá táǹkì kan tí mi ò mọ bó ṣe rí. Nígbà mìíràn á dàbí kànga, nígbà mìíràn á dàbí pósí tó dìde dúró. Mo ní kí n lọ wò ó, kí n fọwọ́ kàn án, kí n pe orúkọ rẹ̀ jẹ́jẹ́, kí n máa lọ sílé. Mo fi àbẹ́là kékeré kan sínú báàgì. Mo fi Ọlọ́run tó dá mi búra, kò sí ìjà nínú mi lọ́jọ́ náà.

A débẹ̀. Ibi tí èmi àti ìyá mi ti gbá irin kò sí mọ́, igi ólífì ni wọ́n gbìn síbẹ̀, wọ́n sì kọ́ gbọ̀ngán onígíláàsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin kan gbé aṣọ tútù kéékèèké wá fún wa ká fi nu ọwọ́. Ẹni tó wá mú wa káàkiri ni Nadim, ọmọ àbúrò Naoum, èyí tó lọ kàwé ní ilẹ̀ Faransé, ó wọ bàtà láìwọ ìbọ̀sẹ̀, ọ̀rọ̀ ń yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n da òróró sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ó fún wa ní ife, ó ní ká má tíì mu ún, ká gbóòórùn rẹ̀ ká sọ ohun tí a gbọ́. Ọ̀kan lára wa ní òun gbọ́ òórùn èso, ọ̀kan ní awọ bàtà tuntun. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, Madame?" Kí ni mo fẹ́ sọ? Tapólì ni mo gbọ́. Mo gbé ife sílẹ̀, mo ní imú mi dí. Mi ò mu ẹyọ ẹ̀kán kan, Fadá. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ó mú wa sọ̀ kalẹ̀. Òtútù bò wá. Àgbá igi tò lọ bí ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn wọn ni àwọn táǹkì irin. Ọ̀kan wà ní igun, òun nìkan, wọ́n tan iná pupa sí i lára, wọ́n fi okùn aláràn-án yí i ká. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ẹsẹ̀ mi mọ̀ ọ́n.

Nadim ní, "Ẹ súnmọ́ mi, ìtàn tí mo fẹ́ràn jù rèé." Ó ní òṣìṣẹ́ kan wà níbí nígbà kan rí, ọ̀mùtí paraku, ìfẹ́ wáìnì wa ti sọ ọ́ di wèrè. Ó ní ó yọ́ wá, ó ṣí ìdérí, ó ní òun fẹ́ pọ́n díẹ̀ lá, ó ki orí bọ̀ ọ́, ó mu, ó mu, ó bá a lọ. Ó ní nígbà tí wọ́n máa rí i, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀ bí ọkọ ìyàwó. Àwọn tí a jọ wá rẹ́rìn-ín. Dókítà Lamia náà rẹ́rìn-ín. Mi ò bá wọn wí, kí ni wọ́n mọ̀?

Ó wá gbé ìgò kan sókè. Ìgò dúdú, wọ́n fi ìda pupa dí ẹnu rẹ̀. Ó ní orúkọ tí àwọn sọ ọtí inú táǹkì yìí ni Olólùfẹ́, ó ní òun ló wọ́n jù, àwọn ará Paris ń tò fún un. Wọ́n ya àwòrán sí i lára: ọkùnrin kan tó nà gbalaja lábẹ́ àjàrà, tó la ẹnu sílẹ̀. Mo wò ó. Irunmú Ghattas ni. Àpá tó wà létí Ghattas wà létí rẹ̀. Wọ́n mú ẹ̀gbọ́n mi, Fadá, wọ́n la ẹnu rẹ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dà á sí ife wa. Ó ní, "Ẹ tọ́ ọ wò dáadáa, kẹ́ ẹ sọ fún mi bóyá ẹ gbọ́ adùn èèyàn nínú rẹ̀." Wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

Mo fi sùúrù bi í. Ó wà nínú fídíò tí ọ̀kan lára wa ń yà, ẹ lè gbọ́ ọ. Mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni, kí lorúkọ òṣìṣẹ́ náà?" Ó rẹ́rìn-ín sí mi bí ẹni rẹ́rìn-ín sí ọmọdé, ó ní, "Madame, ta ló ń rántí orúkọ ọ̀mùtí?"

Ìgò náà wà lórí tábìlì, ìdí rẹ̀ nípọn bí igi àga. Mo dì í mú lọ́rùn. Mi ò rántí pé mo gbé e sókè, ohun tí mo rántí ni dídún rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá tẹ ìkarahun ìgbín. Ó gbá ẹnu mú, ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde. Mo ní, "Ghattas. Ghattas lorúkọ rẹ̀." Mo ní kó pè é. Kò lè pè é, ẹnu rẹ̀ ti kún. Mo tún gbé ohun tó kù lára ìgò náà sókè, Ọlọ́run ló ní kí Dókítà Lamia dì mí mú níbàdí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ̀rọ̀ òkú là bá jọ máa sọ lónìí, ẹ̀wọ̀n lẹ bá sì ti wá bá mi.

Mo já ara mi gbà. Mo lọ síbi táǹkì. Ọwọ́ irin kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, Ghattas ti sọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i fún mi nígbà tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ gbá a lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó yí. Wáìnì tú jáde bí ìgbà tí wọ́n dúńbú màlúù, ó gbá tábìlì, ó gbé ife, ó gbé korobá tí wọ́n ń tutọ́ sí, ó ga dé orúnkún wa. Àwọn ọmọbìnrin ń ké, wọ́n ń yọ̀ ṣubú. Àwọn ẹ̀ṣọ́ méjì sáré wọlé. Ọ̀kan lọ́ ọwọ́ mi sẹ́yìn títí ó fi dún, èkejì ń fi bàtà ta mí ní ìhà, orí mi wà nínú wáìnì, mo ń gbé e mì, mo ń pọ̀ ọ́. Mo rò pé ibi tí Ghattas kú sí ni mo máa kú sí. Àbẹ́là mi ń léfòó lọ níwájú mi.

Ìgbà náà ni Naoum dé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Àgbàlagbà ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Ó fi ọ̀pá nà mí lẹ́yìn, lórí, lọ́wọ́ tó ti kán yìí. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo ojú mi, mo bu ọrùn ọwọ́ rẹ̀ jẹ títí eyín mi fi pàdé. Ẹ ò gbọdọ̀ mi orí, Fadá, mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tó sọ. Kò pariwo. Ó ní, "Ọmọ Wadiaa." Ó mọ ìyá mi. Lẹ́yìn ọdún méjìlá, ẹni tí kò wá sí ìsìnkú, ó mọ̀ mí nínú ẹrẹ̀ ọtí. Ó wá ní, "Ó yẹ kí n ti da gbogbo yín pọ̀ sínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà." Gbogbo wọn gbọ́ ọ. Rindala, tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ti ń fi fóònù ya fídíò láti ìgbà tí ọmọkùnrin yẹn ti ń sọ ìtàn, kò sì pa á.

Ọjọ́ méjì ni mo lò ní àgọ́ ọlọ́pàá. Dókítà Lamia ló dúró fún mi. Kò lé mi níbi iṣẹ́. Ó jókòó tì mí nínú mọ́tò, ó sunkún, ó ní, "Hiyam, mo rẹ́rìn-ín." Ìyẹn nìkan ló ń tún sọ títí a fi dé Zahle níbí.

Ẹ mú ìwé yẹn wá. Èyí tó wà lápò àyà yín. Ẹ rò pé mi ò rí i látìgbà tẹ́ ẹ ti wọlé, tẹ́ ẹ ń fi ọwọ́ kàn án bí ẹni tí àyà ń dùn? Ẹ jẹ́ kí n kà á sókè. "Èmi Hiyam, mo jẹ́wọ́ pé mo ti mu ọtí kọjá agbára mi lọ́jọ́ náà, n kò sì mọ ohun tí mo ń ṣe tàbí ohun tí mo ń gbọ́. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Naoum àti ìdílé rẹ̀."

Ẹ gbọ́ bó ṣe dùn? Mo mutí yó. Èmi náà. Ẹnu ìdílé kan náà, irọ́ kan náà, wọn ò tiẹ̀ wá òmíràn. Bí mo bá fọwọ́ sí i, kò ní sí ẹjọ́ mọ́, bí mi ò bá fọwọ́ sí i, ẹ̀wọ̀n ni. Ẹ ní kí n ro ti ìyá mi. Ìyá mi ni mo ń rò.

Àbí ẹ ti gbàgbé ìwàásù yín? Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Pósí Ghattas wà níwájú yín, ìyá mi wà ní ìjókòó àkọ́kọ́, ẹ sì fi ìdajì wákàtí sọ̀rọ̀ lórí ọtí. Ẹ ní ọtí a máa jí ọmọ lọ́wọ́ ìyá. Ẹ ní kí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Zahle wo pósí yìí kí wọ́n kọ́gbọ́n. Ẹ ò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Naoum sọ fún yín, ẹ sì gbé e gun orí pẹpẹ. Ara Ghattas ni Naoum pa. Orúkọ rẹ̀, ẹ̀yin lẹ bá wọn pa á.

Ẹ má dìde. Mo ní ẹ má dìde, Fadá, mi ò tíì dé ibi tí mò ń lọ.

Fídíò Rindala ti káàkiri. Ẹnì kan rí i ní Qab Elias, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Orúkọ rẹ̀ ni Khalaf, ará Síríà ni. Òun àti Ghattas jọ ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Naoum. Láàárọ̀ yìí ló kan ilẹ̀kùn wa. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì lòun ti wá rí, òun ń padà láti ẹnu ọ̀nà.

Khalaf ni wọ́n rán wọ táǹkì lọ́jọ́ náà láti ha èèpo àjàrà tó kù sí ìdí rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àjàrà tó ń hó máa ń tú atẹ́gùn kan jáde, kò ní àwọ̀, èèyàn á mí in sínú, á sì ṣubú. Fáànù tó yẹ kó máa fà á jáde ti bàjẹ́ fún ọjọ́ márùn-ún. Naoum ní ìkórè ò lè dúró de fáànù. Khalaf ṣubú. Àwọn yòókù dúró, wọ́n ń pariwo. Ghattas ló wọlé. Ó so okùn mọ́ Khalaf lábẹ́ apá, ó fi èjìká tì í sókè, wọ́n fà á jáde. Ìgbà tí wọ́n máa ju okùn padà, òun náà ti ṣubú. Wọ́n fi ìkọ́ irin gbé e jáde, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Khalaf.

Ó ń mí, Fadá.

Wọ́n ti gbé mọ́tò wá. Naoum ní kí wọ́n dúró. Ó ní bí wọ́n bá gbé e dé ilé ìwòsàn báyìí, wọ́n á béèrè fáànù. Ó ní kí wọ́n bu wáìnì wá. Wọ́n dà á sí i lára. Ó ní kí wọ́n la ẹnu rẹ̀. Khalaf sùn síbẹ̀, kò lè gbé ọwọ́, ojú rẹ̀ ló là. Korobá kan, wọ́n tún bu èkejì. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n gbé Khalaf sọ́kọ̀ ẹrù, wọ́n fi ìbọn tì í lọ́rùn títí dé ẹnu ibodè, wọ́n ní bó bá la ẹnu, àbúrò rẹ̀ méjèèjì tó ń ká àjàrà lọ́wọ́ ni wọ́n máa sin.

Ẹ̀yin ń béèrè bóyá ìyá mi gbọ́ ọ? Ibi tẹ́ ẹ jókòó sí yìí ló jókòó sí. Ó dìde, ó gbá Khalaf létí ọ̀tún, ó gbá a létí òsì. Khalaf kúnlẹ̀, kò fi ọwọ́ bo ojú. Ìyá mi ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin nà án títí ọwọ́ fi ro ó, ó ń sọ pé, "Ọdún méjìlá, ọdún méjìlá ni mo fi bú ọmọ mi." Nígbà tí kò lè nà án mọ́, ó di orí rẹ̀ mú mọ́ àyà, ó ní, "Ṣé o ti jẹun?" Ó lọ gbé búrẹ́dì kaná fún un. Lẹ́yìn náà ló ṣí àpótí. Ẹ wo ògiri lẹ́yìn yín.

Ẹ gba ìwé yín. Mi ò ní ya á, màá fẹ́ kẹ́ ẹ dá a padà fún un bó ṣe wà. Ẹ sọ fún Naoum pé màá wá sí kóòtù. Kí wọ́n ti èmi mọ́lé nítorí eyín mẹ́ta, mo gbà, mo jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí adájọ́ bá ṣe bá mi sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kó bá Naoum náà sọ̀rọ̀.

Ti ẹ̀yin ni Sọ́ńdè. Orí pẹpẹ kan náà, ìyá mi á wà ní ìjókòó àkọ́kọ́. Ẹ ó pe Ghattas lórúkọ, ẹ ó sọ ohun tó pa á àti ẹni tó pa á. Bí ẹ ò bá sọ ọ́, èmi á dìde láàárín Máàsì, màá sì fi ọwọ́ kan tó kù fún mi yìí wọ́ yín sọ̀ kalẹ̀ láti orí pẹpẹ lójú gbogbo ìjọ. Ẹ mọ̀ mí láti kékeré. Ẹ mọ̀ pé màá ṣe é.

Ẹ ní ẹ ò lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu èmi nìkan sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Òótọ́ lẹ sọ. Ẹ má fi ti ẹnu mi ṣe é.

Khalaf. Fi búrẹ́dì yẹn sílẹ̀, máa bọ̀ níbí. Fadá tó sin ín nìyí. Jókòó síwájú wọn. Sọ fún wọn bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń mí.